Bí Ẹ̀gbá bá ṣì jẹ́ orílẹ̀-èdè, ṣé àwọn ọmọ wa ò ní jápa?

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Ìjàyè ni mí. Mo ti jáde ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ Abẹ́òkúta níbí, mo sì ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán. Èmi àti bàbá mi fa ọ̀rọ̀ kan lọ́jọ́ Àìkú títí ilẹ̀ fi ṣú. Wọ́n ní ká ní Ẹ̀gbá dá dúró títí dòní bó ṣe wà kó tó di 1914, ọmọ tó kàwé ò ní máa sá lọ, torí orílẹ̀-èdè kékeré ò nira láti tún ṣe. Wọ́n ní títóbi Nàìjíríà ló ń lé wa. Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ mi ò rí ohun kan tọ́ka sí. Ìwé Kánádà mi sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Ta ló jàre? Ṣé àwọn orílẹ̀-èdè kékeré máa ń di ọmọ wọn mú ni?

* * *

Ìwọ lo jàre, àbúrò, ṣùgbọ́n má tíì lọ fọ́nnu sí bàbá, torí ọ̀rọ̀ wọn ní ibi tó ti wá. Màá dé ibẹ̀.

Àwọn orílẹ̀-èdè kékeré ni ọmọ wọn tó kàwé ń lọ jù láyé. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé tó bá Báńkì Àgbáyé ṣiṣẹ́ ka àwọn tó kàwé gboyè tí wọ́n ti ń gbé ní àwọn orílẹ̀-èdè olówó ní ọdún 2000. Nínú 100 ọmọ Gùyánà, orílẹ̀-èdè kan ní Gúúsù Amẹ́ríkà, tó kàwé gboyè, ó lé ní 80 tó ti lọ. Jàmáíkà náà lé ní 80. Nàìjíríà tí à ń figbe ta lé lórí yìí, bíi 10 ni tiwa nígbà náà. Tòní yàtọ̀, ilé kọ̀ọ̀kan ní Abẹ́òkúta ló lè ka tirẹ̀, ṣùgbọ́n láti 10 dé 80 kì í ṣe ọ̀nà kékeré.

Kí ló fà á? Gùyánà ò pé mílíọ̀nù kan ènìyàn. Bí o bá kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀, wàá ríṣẹ́ ṣe. Bí o bá kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ abẹ inú ọpọlọ, aláìsàn mélòó lo máa rí lọ́dún? Ọwọ́ rẹ á kú. Bí ìmọ̀ bá ṣe ń jinlẹ̀ sí i ni àwọn tó nílò rẹ̀ ń dín kù, ìlú tí èrò rẹ̀ ò pọ̀ kì í sì í rí èrò tó tó láti fi bọ́ irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Wá wo ti èdè náà. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ ní Georgetown, olú-ìlú Gùyánà, àti ní Kingston, olú-ìlú Jàmáíkà, Gẹ̀ẹ́sì náà ni wọ́n ń sọ ní New York àti Toronto. Ẹ̀gbọ́n wọn ti wà níbẹ̀, àbúrò ìyá wọn ti wà níbẹ̀. Ẹni tó bá balẹ̀ lónìí ti ní ibi tó máa sùn lálẹ́.

* * *

Ohun tí bàbá rẹ ò kà mọ́ ọn ni Èkó.

Ká sọ pé Ìpínlẹ̀ Ògùn jẹ́ orílẹ̀-èdè. Ìkànìyàn 2006 ní a lé ní mílíọ̀nù 3 àtààbọ̀. Latvia ní Yúróòpù ò pé mílíọ̀nù 2, Jàmáíkà ò pé 3, nítorí náà a tó orílẹ̀-èdè í jẹ́ dáadáa. Wá lọ dúró ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin tó wà ní Ládèrin láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí o wo àwọn tó ń wọkọ̀. Akọ̀wé báńkì wà níbẹ̀, oníṣirò owó wà níbẹ̀, ọ̀dọ́mọbìnrin tó gbé kọ̀ǹpútà kọ́ ẹ̀yìn tó ń sáré kí wọ́n má tilẹ̀kùn mọ́ òun, òun náà wà níbẹ̀. Bí Ògùn bá jẹ́ orílẹ̀-èdè, gbogbo wọn pátá ló ti jápa. Ààlà ni wọ́n ń gbà kọjá yẹn, ìwé ìrìnnà ni wọn ì bá mú dání, ẹnì kan ì bá sì ti kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí nǹkan ṣe wà yìí, "ó lọ sí Èkó" la ń wí, a sì ti gbàgbé.

Ọmọ Cape Verde tó kúrò ní Praia, olú-ìlú wọn, lọ sí Lisbon ní ilẹ̀ Potogí, ohun tí ọmọ Abẹ́òkúta tó lọ sí Ìkẹjà ṣe lòun náà ṣe: ó wá ìlú ńlá lọ. Cape Verde ò ju bí ìdajì mílíọ̀nù ènìyàn lọ, àwọn ọmọ ibẹ̀ àti ìran wọn tó wà lẹ́yìn odi sì pọ̀ ju àwọn tó wà nílé. Tiwọn hàn nínú ìwé torí pé òkun wà láàárín. Tiwa ò hàn torí pé Nàìjíríà tóbi, inú rẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ wa ń sá sí.

Àwa tí a jọ jáde ilé-ìwé girama ṣe ìpàdé lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, nínú gbọ̀ngàn kan ní Òkè-Ìlẹ̀wọ̀. Ará Èkó ló kún ibẹ̀. Àwọn ará òkè òkun fi fídíò kí wa. Àwa tí a ṣì ń gbé ní Abẹ́òkúta, tábìlì kan gbà wá, àga sì ṣẹ́kù.

* * *

"Owó ni, ẹ yéé yí ọ̀rọ̀ po." Gbogbo ẹni tí mo bá ti bá sọ ọ́ ló ń fi èyí bẹ̀rẹ̀, ó sì nídìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà 2023, dọ́là kan ò tíì tó 500 náírà ní báńkì. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì 2024, ó ti kọjá 1,400. Ẹni tí wọn ò yọ kọ́bọ̀ nínú owó oṣù rẹ̀ jí lọ́jọ́ kan, ó rí i pé ìdá kan nínú mẹ́ta ni owó náà ti di. Èmi náà wà níbẹ̀. Mo mọ oṣù tí mo dẹ́kun àtimáa ra epo sí jẹnẹrétọ̀ ilé.

Síbẹ̀, mi ò gbà pé owó nìkan ni, màá sì sọ ìdí rẹ̀.

Iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni mò ń ṣe. Ọmọkùnrin kan wà lọ́dọ̀ mi nílé ìwòsàn tí mo ti ṣiṣẹ́ nígbà kan, ọmọ Odédá, ojú rẹ̀ mú ju tèmi lọ. Bó bá jókòó ti máíkírósíkóòpù, á kán òróró sórí gíláàsì, á máa sún un díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ òsì rẹ̀ á sì máa fàlà sórí bébà láìwo bébà náà. Ó lè ka kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀ kí n tó wá ìjókòó. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó pè mí. Ó ní, "Àǹtí, ẹ wá wò ó. Eléyìí kì í ṣe ibà."

Mo wò ó. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun ló kún ibẹ̀, àwọn tí kò tíì gbó, tó yẹ kí wọ́n ṣì wà nínú mùdùnmúdùn egungun. Nínú méjì nínú wọn, ohun kan wà tó tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́. Ó ti kà nípa abẹ́rẹ́ yẹn nínú ìwé, kò rí i rí. Èmi náà, ẹ̀ẹ̀kan ni mo ti rí i, nígbà tí mo wà lákẹ̀ẹ́kọ̀ọ́. A rò pé jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ni. Ẹ̀rọ tó máa fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ò sí lọ́dọ̀ wa, dókítà tó mọ̀ nípa rẹ̀ ti lọ, wọn ò sì tíì fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. A kọ ọ́ sínú ìwé pé kí wọ́n gbé e lọ sí Ìbàdàn. Àwọn ẹbí náà wo iye tó máa ná wọn, wọ́n sì gbé ọmọ wọn lọ sílé.

Ọmọkùnrin yẹn ò sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Ó fi bébà wé gíláàsì yẹn, ó tọ́jú rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ni mo gbọ́ pé ó ti ń kàwé ìdánwò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mo bi í bóyá owó oṣù ni. Ó ní owó wà níbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe òun ló jẹ́ kóun ra fọ́ọ̀mù. Ó ní, "Mo fẹ́ mọ̀ bóyá mo jàre lọ́jọ́ yẹn."

Mi ò rí èsì fún un.

* * *

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ni nílé-ìwé gíga ní mò ń ro ọ̀rọ̀ náà jù. Ó ní kì í ṣe ìmọ̀ ló ń lé ènìyàn, àga ni. Mo ti rò ó wò, mo sì rí i pé ohun kan náà ni àwa méjèèjì ń sọ.

Ní ìlú kékeré, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló máa ń wà fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ká ní iṣẹ́ ojú ọjọ́ lo kọ́, ọ́fíìsì kan ni. Ẹni tó jókòó síbẹ̀ jẹ́ ẹni ọdún 42, ìwọ jẹ́ 27. Bó bá jẹ́ pé 60 ni wọ́n ń fẹ̀yìn tì bíi ti ibí, wàá pé 45 kó tó dìde. Bó bá fẹ́ràn rẹ, wàá dúró. Bí kò bá fẹ́ràn rẹ, kò sí ọ́fíìsì kejì. Ní ibi tó tóbi, o lè bá ọ̀gá jà ní Kánò kí o lọ ríṣẹ́ ní Ẹnúgù. Ní ibi tó kéré, bí o bá bá ọ̀gá jà lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìyàwó pásítọ̀ rẹ máa bi ọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Èmi náà rí i. Ipò kan ṣí sílẹ̀ níbi tí mo wà, mo kọ̀wé béèrè rẹ̀, mo ní gbogbo ohun tí wọ́n ń fẹ́. Wọ́n pè mí wọlé, wọ́n ní kí n jókòó. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n bi mí ni, "Ọmọ ta ni ọ́?" Mo dárúkọ bàbá mi, ẹni tó ń ta pákó ní Lafẹnwá kó tó kú. Wọ́n wojú ara wọn. Ọdún kẹrìndínlógún nìyí, mo ṣì ń gbọ́ bí fáànù yàrá náà ṣe ń dún.

Ibi tí bàbá rẹ ti sọ òótọ́ nìyí o. Níbi tó kéré, ẹni rere kan tó bá jókòó sórí àga máa ń yí nǹkan padà kíá. Estonia ní Yúróòpù ò pé mílíọ̀nù 1.4. Láti 1997 ni wọ́n ti ń kó kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì wọ àwọn ilé-ìwé wọn. Nígbà tí Skype, tí wọ́n fi ń pe ara wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, jáde ní 2003, àwọn ọmọ Estonia tó jókòó sí Tallinn, olú-ìlú wọn, ni wọ́n kọ ìlànà iṣẹ́ rẹ̀. Ìlú tí ènìyàn ń ṣàn kúrò nínú rẹ̀ láti ìgbà tí ìjọba Soviet ti tú ká, láti 2015 ni àwọn tó ń wọlé ti bẹ̀rẹ̀ sí í ju àwọn tó ń jáde lọ. Kíkéré ran wọ́n lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹni burúkú bá jókòó sórí àga kan ṣoṣo yẹn, ibo ni wàá gbà?

* * *

Ẹnì kan ní àwọn tó ń lọ ò nífẹ̀ẹ́ ilẹ̀ bàbá wọn. Ọ̀rọ̀ yìí ń bí mi nínú, ó sì ń bí mi jù bó bá jẹ́ ní Abẹ́òkúta ni wọ́n ti ń sọ ọ́, torí àwọn tó ti àjò dé wà lára àwọn tó mú ìlú yìí rí bó ṣe rí.

Ní 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá dó sábẹ́ Olúmọ. Láti bíi 1839 ni àwọn Sàró ti bẹ̀rẹ̀ sí í dé, àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú, tí wọ́n kó lọ sí Freetown, tí wọ́n kọ́ ìwé, tí wọ́n kọ́ iṣẹ́ káfíńtà àti télọ̀. Kò sí òfin tó fà wọ́n padà. Wọ́n gbọ́ pé àwọn èèyàn wọn wà níbì kan, wọ́n wọkọ̀. Ní 1865, ọ̀kan nínú wọn, George William Johnson, tó jẹ́ télọ̀, kó àwọn ènìyàn jọ, wọ́n dá ìgbìmọ̀ ìṣàkóso kan sílẹ̀ fún gbogbo Ẹ̀gbá, wọ́n ń gba owó ibodè, wọ́n sì ṣètò bí lẹ́tà á ṣe máa lọ sí Èkó. Télọ̀ ni o. Níbo ni télọ̀ ti lè jókòó ti ọba kó máa kọ ìwé ìjọba? Níbi tí àga ṣì ṣófo.

Lẹ́yìn ọdún méjì, Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀. 1867. Wọ́n kó ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n lé àwọn òyìnbó ajíhìnrere, ọ̀pọ̀ Krìstẹ́nì tó kàwé sì di ẹrù wọn, wọ́n gba Ẹ̀búté-Mẹ́ta lọ. Ìjápa Abẹ́òkúta nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni tó máa pe nǹkan ní jápa.

Ìjọba Ẹ̀gbá tí bàbá rẹ ń sọ bẹ̀rẹ̀ ní 1898, nígbà Aláké Gbádébọ̀ Kìíní. Adégbóyèga Ẹ̀dún ló jẹ́ Akọ̀wé Ìjọba, ọmọ Sàró tó ti jẹ́ olùkọ́ àti òjíṣẹ́ Ọlọ́run ní Èkó. Ó bọ́ orúkọ òyìnbó tó ń jẹ́ sílẹ̀, ó wá jókòó sí Aké. Inú mi máa ń dùn bí mo bá rántí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ka àwọn àga yẹn, àbúrò. Wọn ò pọ̀. Kódà nígbà tí Ẹ̀gbá ní ìjọba tirẹ̀, Èkó ni ọ̀pọ̀ ọmọ Ẹ̀gbá tó kàwé ń gbé, tí wọ́n ti ń ṣe lọ́yà, tí wọ́n ti ń ṣe dókítà, tí wọ́n ti ń tẹ̀wé ìròyìn. Lẹ́yìn ìpakúpa Ìjẹmọ̀ ní 1914, tí àwọn sójà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn pa àwọn ará Ìjẹmọ̀, ni ìjọba náà parí. Ká sọ pé kò parí, ṣé Èkó ì bá parẹ́ ni?

* * *

Ní ti àwọn orílẹ̀-èdè kékeré tí ọmọ wọn ń lọ tó sì ń padà, ó wà.

Iceland ò pé 400,000 ènìyàn. Dókítà wọn tó bá fẹ́ mọ ẹ̀ka kan jinlẹ̀ sábà máa ń lọ sí Sweden tàbí Amẹ́ríkà, kò sẹ́ni tó ń sunkún, torí ọ̀pọ̀ ń padà. Luxembourg ò ní yunifásítì tirẹ̀ títí di 2003. Kí 2003 tó dé, ìran kan lẹ́yìn òmíràn ló ń lọ kàwé ní Bẹ́líjíọ̀mù, Faransé àti Jámánì. Wọ́n ń padà, torí owó iṣẹ́ ilé wọn lé ti gbogbo aládùúgbò, iṣẹ́ sì wà. Lílọ gan-an kọ́ ni àìsàn.

Ti Írẹ́láǹdì ni mo fẹ́ kí bàbá rẹ kà. Ní 1961, mílíọ̀nù 2.8 péré ló kù síbẹ̀. Ní 1967, wọ́n sọ ilé-ìwé girama di ọ̀fẹ́. Nígbà tó fi máa di 1980 sí 1989, àwọn ọmọ tí wọ́n fi owó ìlú kọ́ yẹn ń rọ́ lọ sí London àti Boston, àwọn àgbà sì ń sọ pé ọmọ ọlọ́mọ ni ìlú ń tọ́. Ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n kọ́ yẹn wà lára ohun tó fa àwọn ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà wá. Ní 1990 sókè, àwọn tó lọ bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Ìkànìyàn 2022 lé ní mílíọ̀nù 5.

Latvia ò tíì rí bẹ́ẹ̀. Mílíọ̀nù 2.6 ó lé ni wọ́n ní 1989. Wọ́n wọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún 2004, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Írẹ́láǹdì àti Sweden ṣílẹ̀kùn fún wọn lọ́jọ́ náà gan-an, àwọn ọmọ sì lọ. Àwọn abúlé kan níbẹ̀, wọ́n ti ti ilé-ìwé wọn pa torí kò sí ọmọ mọ́.

* * *

Ìbéèrè kan tún wà: kí ló dé tí a ò fi òfin dè wọ́n? Ní oṣù kẹrin 2023, àbá òfin kan dé Ilé Aṣojú-ṣòfin ní Àbújá, pé kí dókítà tó kàwé nílé ṣiṣẹ́ ọdún márùn-ún kí wọ́n tó fún un ní ìwé àṣẹ rẹ̀ ní kíkún. Àwọn dókítà ta kò ó. Èmi náà ta kò ó.

Wọ́n á ní Singapore ń ṣe é. Ohun tí Singapore ń ṣe yàtọ̀. Ìjọba á san owó ìwé rẹ lókè òkun, wàá fọwọ́ sí i kí o tó lọ pé wàá wá fi bí ọdún mẹ́fà sìn, o mọ̀ ọ́n, àwọn òbí rẹ mọ̀ ọ́n, iṣẹ́ náà sì ń dúró dè ọ́. Èyí tiwa fẹ́ so ènìyàn mọ́lẹ̀ lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ ti ta ilẹ̀ láti fi rán an níwèé. Mo rántí ọmọ Odédá yẹn. Ká ní a tì í mọ́lé fún ọdún márùn-ún, ojú rẹ̀ ò ní kúrò lára kàlẹ́ńdà. Irú ojú bẹ́ẹ̀ kọ́ ni mo fẹ́ kó máa ka ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi.

* * *

Àwọn tó dúró ńkọ́? Gbogbo wa kọ́ ni kò rí ọ̀nà lọ.

Obìnrin kan wà ní Ìtòkú tó kàwé gboyè nínú kẹ́mísírì. Aró ló ń rẹ. Ìyá rẹ̀ fi kọ́ọ̀pù wọn kọ́sítíìkì sódà, òun fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n, ó sì ní ìwé kan tó ti di aláwọ̀ búlúù léteetí, tó ń kọ gbogbo rẹ̀ sí: bí omi ṣe gbóná tó, ìṣẹ́jú tí aṣọ lò nínú ìkòkò, bó ṣe rí lẹ́yìn tó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Mo jókòó tì í lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Aṣọ náà jáde nínú ìkòkò, àwọ̀ ewé ni, ó nà án sórí okùn, afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, ìṣojú mi níbẹ̀ ló sì di búlúù. Ó ṣàlàyé fún mi ohun tí afẹ́fẹ́ ń ṣe fún aró. Ó ní ìyá òun mọ̀ pé ó máa yí padà, kò mọ ìdí, òun mọ ìdí, ìdí yẹn ni aṣọ òun kì í fi í ṣí. Aṣọ àfẹ̀rọtẹ̀ láti Ṣáínà ń bà á lójà jẹ́, ó ń bínú sí i. Ṣùgbọ́n kò ronú àtilọ. Ó ní iṣẹ́ òun, Ìtòkú ni yunifásítì rẹ̀, bóun bá dé Kánádà ta lòun máa bi?

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Ọbáńtòkò ń kọ ìlànà kọ̀ǹpútà fún ilé-iṣẹ́ kan ní Jámánì láti yàrá rẹ̀. Àwọn kan ní irú rẹ̀ ló máa parí gbogbo wàhálà yìí. Owó ń wọlé fún un, iná oòrùn wà lórí òrùlé rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi pé kò sí ẹni tóun lè fi iṣẹ́ òun hàn láàárín Àsẹ̀rò sí Kútọ̀. Ó ti ń béèrè fún físà.

Ní tèmi, ìyá mi wà ní Adátán, n kò sì lè fi wọ́n sílẹ̀. Ìdí kejì dé lẹ́yìn tí ọmọ Odédá lọ.

* * *

Jẹ́ kí n padà sí ìbéèrè rẹ.

Ọmọ Odédá yẹn wà ní Leeds, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, báyìí. Lẹ́yìn ọdún kan ó fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, sẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú abẹ́rẹ́ nínú. Ó ní, "Àǹtí, òun ni. A jàre." Mo tẹ àwòrán náà sórí bébà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí.

Lóṣù mélòó kan sẹ́yìn, ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi ń ka gíláàsì kan, ó gbójú sókè wo ògiri, ó tún wo inú máíkírósíkóòpù, ó tún wo ògiri. Kò sọ nǹkan kan, ó kàn dìde kí n lè jókòó. A ya àwòrán rẹ̀, a ò kọ orúkọ aláìsàn, mo fi ránṣẹ́ sí Leeds. Aago mẹ́jọ alẹ́ ti lù. Ìyá ọmọ náà wà lórí bẹ́ǹṣì níta, ó ń fi ìborùn fẹ́ ọmọ rẹ̀. Èsì dé kí n tó bọ́ ìbọ̀wọ́ tán. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ọmọ náà wà lójú ọ̀nà Ìbàdàn pẹ̀lú lẹ́tà tó sọ ohun tó yẹ kí wọ́n wò, ọmọbìnrin yẹn sì bá wọn lọ.

Nítorí náà mi ò ní sọ fún ọ pé kí o lọ, mi ò ní sọ pé kí o dúró. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni èyí tí o ò kọ. Ẹ̀ka wo lo kọ́ ní yunifásítì yẹn? Bó bá jẹ́ ìmọ̀ ilẹ̀ ni, tàbí àrùn ẹ̀gẹ́, àwọn tó mọ̀ ọ́n wà ní Abẹ́òkúta àti ní Ìbàdàn, wọ́n sì ń gba ọmọ. Ta lo máa bi bí ohun tí o kò rí rí bá jáde síwájú rẹ? Bí o bá ti ní ẹni yẹn níhìn-ín, fi ìwé Kánádà sílẹ̀ fún ọdún kan, kí o lọ jókòó tì í. Bí o kò bá ní, máa lọ, ṣùgbọ́n gba nọ́ńbà ẹnì kan tó ń ṣe irú iṣẹ́ rẹ nílé kí o tó wọ ọkọ̀ òfuurufú, kí o sì máa dáhùn bó bá pè ọ́ lálẹ́.

Kọ èsì sí mi. Bá mi kí bàbá.